Olódodo Lábẹ́ Aláṣẹ Aláìṣòdodo: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìgbésí Ayé Alhaji Lateef Jákàńdè

KÙTÚBÀ KÌN-ÍN-NÍ

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn, ti Ọlọ́hun Allah ni, Ọba tí àṣẹ gbogbo aláṣẹ ti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ wá, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì padà sí ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Kí ìkẹ́ Ọlọ́hun àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìpáyà Ọlọ́hun fún ara wa ná, kí á tó sọ ọ́ fún ẹ̀yin. Ẹni tó bá páyà Ọlọ́hun níbi tí ojú ènìyàn kò dé, òun ni ìpáyà rẹ̀ dájú.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú jàmáà wa jókòó tì wá nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń jáde lọ. Wọ́n fi ipò kan lọ̀ ọ́ nínú iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó fi ipò náà lọ̀ ọ́ kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Òun náà mọ̀, àwa náà mọ̀. Ó wí pé: “Àfáà, bí mo bá kọ̀ ọ́, ẹni tí yóò dé ibẹ̀ yóò jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Bí mo bá sì gbà á, ẹ̀rù ń bà mí kí n má di ọ̀kan nínú wọn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.” A kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. A ní kó lọ kí ìrun Isitikáárà, kó sì fún wa láyè láti ronú.

Kùtúbà òní ni ìdáhùn wa. A mú un wá sórí mínbárì nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni ìbéèrè náà ń bá jà. Akọ̀wé tó mọ̀ pé ọ̀gá òun ń yí ìwé owó, ó wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń wo bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń rẹ́ àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ, ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀ tí wọ́n ní kó máa di àpò owó mú nítorí pé òun ni kò ní jí i, òun náà wà nínú rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn ń béèrè kò ju ọ̀kan lọ: ǹjẹ́ ó tọ́ kí olódodo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aláṣẹ tí kì í ṣe olódodo?

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà dà bí ìtàn ìlú òkèèrè tí kò kàn wá, Èkó yìí ni a ti mú àpẹẹrẹ wa. A ó wo ìgbésí ayé Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè, kí Ọlọ́hun forí jìn ín.

Ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1929 ni wọ́n bí i ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Erékùṣù Èkó. Òmù-Àrán, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ó fi bẹ̀rẹ̀: ó wọ Daily Service ní 1949, ó dé Nigerian Tribune ní 1953, nígbà tó sì di 1956 Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi í ṣe olóòtú àgbà ìwé ìròyìn náà. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba kan Awólọ́wọ̀, Jákàńdè wà lára àwọn tí wọ́n jọ rojọ́, wọ́n sì jọ ṣẹ̀wọ̀n. Ọdún 1966 ni ó tó jáde. Ẹ rántí ẹ̀wọ̀n yìí, nítorí a ó tún padà dé ibẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn fi òmìnira rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹni tó gbà gbọ́.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ó di gómìnà àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìpínlẹ̀ Èkó fi ìbò yàn. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta péré ni ó lò kí àwọn ológun tó gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983. Nínú àkókò kúkúrú yẹn, ó kọ́ àwọn ilé tí mẹ̀kúnnù lè gbé, ní Ìsọ́lọ̀, ní Abẹ́ṣàn àti ní Ìpọ́nrí tí kò jìnnà sí wa. Títí di òní, bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ lọ sí irú ibẹ̀, “Jákàńdè” ni kọ́ńdọ́kítọ̀ ń pè. Ní 1983, ó dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Nígbà gbogbo tí ó fi wà nípò, ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú ni ó ń gbé, ọkọ̀ tirẹ̀ ni ó sì ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni àwa lè jẹ́rìí sí, nítorí ó ṣojú wa. Kí ó tó dé, àwọn ọmọ pọ̀ ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi pín wa sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án. Ti ọ̀sán ni àwa. A máa ń jókòó sábẹ́ igi níta ọgbà, a ó máa dúró de àwọn ti àárọ̀ kí wọ́n jáde. Nígbà tí ẹ̀kọ́ yóò sì fi parí, òùngbẹ àti oorun yóò ti bò wá. Jákàńdè fòpin sí ètò náà. Ó kọ́ àwọn yàrá gbọọrọ tí a fi páànù bò, tí ògiri wọn kò ga, káàkiri ìpínlẹ̀. Àwọn tó ń ta kò ó fi ṣẹ̀sín pé ilé adìẹ ni. Bóyá ilé adìẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n a wọ inú rẹ̀ láàárọ̀, a rí àga jókòó lé, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òbí wa. Inú ilé adìẹ yẹn ni a ti mọ ìwé Yorùbá kà, ìwé náà ni a sì ń kà sí yín létí lórí mínbárì yìí.

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn Isilaamu, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á kọjá sí ibi tí ó ti korò.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, àwọn ọmọ Nàìjíríà dìbò, ìbò náà sì gbe Alhaji Moshood Abíọ́lá. Ìjọba ológun Babangida fagi lé e. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba. Nígbà tí ó yan àwọn mínísítà rẹ̀, Jákàńdè wà lára wọn: òun ni wọ́n fi ṣe mínísítà fún iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn aṣáájú, tí Abíọ́lá wà lára wọn, ló ní kí òun lọ. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò burú.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994, Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ. Níbo ni ó ti kéde? Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, àdúgbò tí wọ́n bí Jákàńdè sí. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti mú Abíọ́lá, wọ́n sì tì í mọ́lé. Àwọn ènìyàn ké sí Jákàńdè pé kó fi ipò náà sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di 1995. Ẹni tó bá Awólọ́wọ̀ ṣẹ̀wọ̀n nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ jókòó nínú ìgbìmọ̀ ẹni tó fi Abíọ́lá sẹ́wọ̀n nígbà tó dàgbà. Nígbà tí wọ́n sì bi í ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ó ní òun kò kábàámọ̀.

Ní 1994 yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ni wá ní ilé-kéwú. A wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó fi ẹnu bú u. A jókòó yí ká lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, a ní kò sí ohun rere kan tó ṣe rí, a ní gbogbo ohun tí a ń pè ní iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìtànjẹ ni. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa, àgbàlagbà kan, gbọ́ wa. Wọn kò bá wa jiyàn. Wọ́n kàn bi wá pé: “Ta ló kọ́ kíláàsì tí ẹ ti kàwé?” Ẹnu wa wọhò. Wọ́n ní: “Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ bínú sí ohun tí ó ṣe lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́rìí èké nítorí ìbínú.” A tuuba lọ́dọ̀ Ọlọ́hun fún ọ̀rọ̀ tí a sọ lóru ọjọ́ náà, ìdí sì ni pé Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa nínú Àlùkùránì pé ìkórìíra àwọn ènìyàn kan kò gbọdọ̀ sún wa débi tí a ó fi ṣe àìṣòdodo sí wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé ọ̀rọ̀ náà sí orí òṣùwọ̀n ẹ̀sìn wa. Kì í ṣe òní ni ìbéèrè yìí bẹ̀rẹ̀. Ànábì Yusuf, ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọba Íjíbítì tí kì í ṣe mùsùlùmí, lórí ìlú tí kò tíì gba Ọlọ́hun ní ọ̀kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé ó gbà á nìkan, òun gan-an ló béèrè pé kí wọ́n fi òun ṣe olórí àwọn ilé ìṣúra ilẹ̀ náà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé èèwọ̀ ni pátápátá láti bá irú aláṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ó ti sọ ohun tí Àlùkùránì kò sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Ànábì Yusuf ṣe wọ ààfin. Lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tí ọba ránṣẹ́ pé kí ó jáde kúrò lẹ́wọ̀n, kò sáré jáde. Ó dá ìránṣẹ́ náà padà pé kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó gé ọwọ́ ara wọn. Kò jáde títí tí gbogbo ìlú fi mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Ìtúmọ̀ èyí ni pé kò wọ ààfin pẹ̀lú gbèsè, ọba kò lè sọ lọ́jọ́ kan pé, “Èmi ni mo bo àṣírí rẹ.” Lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe: olùṣọ́ ni òun, onímọ̀ sì ni òun. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohun tí ó lọ ṣe níbẹ̀ ni kí oúnjẹ wà fún àwọn ènìyàn nígbà ìyàn ọdún méje. Iṣẹ́ rẹ̀ dé inú ìkòkò tálákà. Kì í ṣe iṣẹ́ à-ń-ró ògiri yí ìtẹ́ ọba ká.

Ẹ tún wo àwọn àlùfáà àtijọ́. Imam Abu Hanifa wà ní Iraq ní ayé Khalifah al-Mansur. Khalifah fẹ́ kó di adájọ́, ó kọ̀. Wọ́n fìyà jẹ ẹ́, wọ́n tì í mọ́lé, ó sì kú ní ọdún 150 lẹ́yìn Hijra. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, Abu Yusuf, gba ipò olórí àwọn adájọ́ ní ayé Khalifah Harun al-Rashid. Ó sì kọ ìwé fún Khalifah náà lórí owó orí ilẹ̀, ó kìlọ̀ fún un pé kó má fi ìnira kan àwọn àgbẹ̀. Olùkọ́ kọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ gbà. Àwọn onímọ̀ kò pe ọ̀kan ní òpònú, wọn kò sì pe èkejì ní ọ̀dàlẹ̀. Kí ló fà á? Wọ́n mọ̀ pé ipò kan náà lè jẹ́ iṣẹ́ fún ẹnì kan, kí ó sì jẹ́ ìdẹkùn fún ẹlòmíràn.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀? Àwọn àgbà wa a máa wí pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìgbésí ayé Jákàńdè fi ewu mìíràn hàn wá, ó sì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Jákàńdè kò di ọṣẹ. Àwọn tó bínú sí i jù ní 1994, kì í ṣe olè ni wọ́n ń pè é. Ewé ni ó jẹ́ títí dé òpin. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn! Aláṣẹ aláìṣòdodo kì í wá olè kún olè. Olè pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó ń wá ni ẹni tí àwọn ènìyàn gbàgbọ́, kí wọ́n lè wí pé: “Bí lágbájá bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò burú tó bẹ́ẹ̀.” Ìwà mímọ́ rẹ gan-an ni aṣọ tí ó fẹ́ yá wọ̀.

Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo, a ti máa ń sọ fún yín pé owó ìlú, amáànà ni. Pé ipò, amáànà ni. Ànábì wa Muhammad sọ bẹ́ẹ̀ fún Abu Dharr nígbà tí ó béèrè ipò: ó fi yé e pé aláìlágbára ni lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé amáànà ni ipò jẹ́, àbámọ̀ ni yóò sì dà ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ àfi fún ẹni tó bá gbà á bí ó ṣe yẹ, tó sì ṣe ojúṣe rẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, a fi ohun kẹta kún un: orúkọ rere, amáànà ni òun náà. Ìwọ nìkan kọ́ ni ó ni ín. Àwọn ọmọ tó jókòó nínú ilé adìẹ yẹn ni ín pẹ̀lú Jákàńdè. Àwọn tó rí ibùgbé ní Ìpọ́nrí ni ín pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ó yá aláṣẹ ní orúkọ náà, ara ohun tí ó jẹ́ tiwa ni ó yá a. Ìdí nìyí tí ó fi dùn wá tó bẹ́ẹ̀.

Èrò tiwa ni pé bí ó ṣe gba iṣẹ́ náà ní 1993, ó lè ní ẹ̀rí níwájú Ọlọ́hun. Ó ní ìmọ̀ iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ilé àti ọ̀nà sì jẹ́ ohun tí mẹ̀kúnnù nílò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti Abíọ́lá mọ́lé, jíjókòó rẹ̀ níbẹ̀ ti di ẹ̀rí fún aláṣẹ. Ó yẹ kí ó dìde nígbà náà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ilé àti ọ̀nà ti di ohun búburú, bí kò ṣe pé orúkọ rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ sí. Èrò wa nìyí. Ẹni tó bá rí i ní ọ̀nà mìíràn, ó lè ní àwíjàre, Ọlọ́hun ló sì mọ ohun tó wà nínú àyà Jákàńdè àti àníyàn tí ó fi jókòó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa, níbi tí o bá jókòó sí, gbọ́ ìdáhùn rẹ. Má ṣe béèrè bóyá ẹni tó pè ọ́ mọ́ tàbí kò mọ́ nìkan. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ìwọ yóò rí tí wọ́n mọ́ tán. Béèrè pé: kí ni wọ́n fẹ́ lò lára mi, ọwọ́ mi ni tàbí orúkọ mi? Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ, tí iṣẹ́ náà ní orí àti ìdí, tí ó lè dé ọ̀dọ̀ opó àti aláìní, tí àṣẹ àti owó rẹ̀ yóò sì wà níkàáwọ́ rẹ, lọ, kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. Bí ó bá jẹ́ orúkọ rẹ nìkan, tí wọn yóò gbé ọ jókòó kí àwọn ènìyàn lè rí ọ, kọ̀ ọ́, kí o sì jẹun díẹ̀ nínú ilé rẹ. Bí o bá sì lọ, kọ ìwé ìfipòsílẹ̀ rẹ kí o tó kọ ìwé ìgbaṣẹ́. Kọ ohun tí ó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ṣe é, ìwọ yóò jáde. Kọ ọ́ nísinsìnyí tí ojú rẹ mọ́, kí o fún ẹni méjì tí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́hun pa mọ́. Bí ènìyàn bá wọ inú ààfin tán, ilẹ̀kùn ìta kì í rọrùn rí mọ́.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa, fún ẹ̀yin náà àti fún gbogbo mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Aláforíjìn, Aláàánú ni Í ṣe.

KÙTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, bí a bá jáde lẹ́yìn ìrun, tí a rìn dé ọ̀nà Orílé, a ó rí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ tó ń bọ̀. Láti Mile 2 dé Marina, ibùdókọ̀ márùn-ún ni ó ní, méjì nínú wọn sì wà ní àdúgbò wa: ti Orílé àti ti Gbọ̀ngàn Tíátà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Ní ayé Jákàńdè ni Èkó ti gbé ètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro kalẹ̀. Metroline ni wọ́n pè é. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ló fagi lé e ní 1985, owó ìlú tó ti wọ inú rẹ̀ sì ṣòfò. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí Buhari sí. Ó padà di ààrẹ alágbádá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, òun náà ni ó wá sí Èkó láti ṣí ọkọ̀ ojú irin tuntun yìí, àwọn èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Jákàńdè kò rí i. Ó ti kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2021, ní ẹni ọdún 91. Ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ bí òní, ni wọ́n sin ín.

Ọwọ́ kan náà ni ó tì í, òun náà ni ó ṣí i. Ta ni nínú wa tó lè sọ pé òun mọ bí a ó ṣe kọ èyí sínú ìwé iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan? Abacha kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1998, Abíọ́lá tẹ̀lé e ní oṣù tó tẹ̀lé e, nínú àhámọ́. Jákàńdè lọ ní 2021, Buhari lọ ní oṣù Keje ọdún 2025. Mùsùlùmí ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A kírun sí òkú wọn. Gbogbo wọn ti dé ọ̀dọ̀ Ọba tí òṣùwọ̀n Rẹ̀ kì í fo ohunkóhun, ì báà kéré tó ọmọ iná-igún. Òṣùwọ̀n tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ràn ènìyàn, a ó fi ọwọ́ bo apá kan. Bí a bá kórìíra rẹ̀, a ó fi ọwọ́ bo apá kejì. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ láti gbé méjèèjì sókè: ilé-ẹ̀kọ́ náà ní òdodo, àga mínísítà náà ní òdodo. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ìdájọ́ kan ṣoṣo ló kù tí ó kàn wá lónìí, ti ara wa ni. Bí ọmọ wa bá rí iṣẹ́ ìjọba, kí ni àwa máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Owó ìsìnkú, owó ìgbéyàwó, owó fún káńsù ẹgbẹ́, owó fún páànù mọ́ṣáláṣí pàápàá. A ó pè é ní ahun bí kò bá fún wa, a ó sì pè é ní olè bí wọ́n bá mú un. Nígbà tí gómìnà kan ń ti ilé tirẹ̀ jáde lọ síbi iṣẹ́, àwọn kan wà tó fi rẹ́rìn-ín pé kò mọ ayé jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí olódodo pẹ́ nípò, kó má fi ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti í sínú ìṣúra ìlú. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin wa bá sì kọ ipò tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, tí ó padà wá sí àárín wa pẹ̀lú bàtà tó ti jẹ, ẹ ṣí àyè fún un nínú sáfù, ẹ má fi ojú òmùgọ̀ wò ó.

Ìrẹ O Ọlọ́hun, forí jin ìránṣẹ́ Rẹ Lateef Jákàńdè. Fi làádá gbogbo ọmọ tó mọ̀wé kà nínú àwọn yàrá náà sínú òṣùwọ̀n rẹ̀, kí O sì ṣe àmójúkúrò níbi tí ó ti ṣì í. Ìrẹ O Ọlọ́hun, forí jin gbogbo àwọn tó ti ṣàkóso lórí wa tí wọ́n kú sínú ẹ̀sìn Rẹ, kí O sì gba ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ṣe àbòsí sí fún wọn. Ìrẹ O Ọlọ́hun, má ṣe fi ẹni tí kò páyà Rẹ jẹ olórí wa. Ẹni tí O bá fún ní orúkọ rere nínú wa, bá a ṣọ́ ọ, má jẹ́ kí ó yá a fún aláìṣòdodo. Ẹni tí O bá gbé dé ẹnu ọ̀nà ààfin, fi ọ̀nà àbájáde hàn án kí ó tó wọlé. Fún ìlú Èkó àti Nàìjíríà lápapọ̀ ní àlàáfíà, fún àwọn òṣìṣẹ́ Ìgànmú ní arísìkí tó mọ́, kí O sì jẹ́ kí òpin wa dára ju ìbẹ̀rẹ̀ wa lọ. Àámín.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ to sáfù yín kó gún. Ẹ dìde sí ìrun.